Táńkì Omi Gbígbóná Lórí Òrùlé Gbérin

Ọmọbìnrin tó ń ta ẹ̀rọ sólà kò tíì jókòó dáadáa tí Gbérin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ ọn. Ó tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì pálọ̀, ìwé tó ń dán, tí àwòrán òrùlé wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Gbérin sì ń wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n da pàǹtírí sílé rẹ̀. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan tábìlì náà. Òun ló kan àga tí ọmọbìnrin náà jókòó lé, òun ló kan ilẹ̀kùn tó gbà wọlé, òun ló sì kan òrùlé tó bo gbogbo wọn, èyí tó ti ń fi yangàn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n pé erin lè gùn ún, kó jó lórí rẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀, kí igi kan má sì dún. Ọ̀rọ̀ erin yìí ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Tọmọdé tàgbà àdúgbò ló ń pè é ní Gbérin, ó sì máa ń dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹ̀rín. Ọmọbìnrin náà ṣàlàyé pé ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ jẹ́ àpótí pẹlẹbẹ kan tí inú rẹ̀ dúdú, tí wọ́n fi dígí bo ojú rẹ̀, táńkì rẹ̀ á sì dùbúlẹ̀ sókè rẹ̀ lórí òrùlé. Oòrùn á mú omi inú àpótí gbóná, èyí tó gbóná á gòkè lọ sínú táńkì fúnra rẹ̀, èyí tó tutù á sọ̀ kalẹ̀ wá gba ipò rẹ̀, láìlo iná mànàmáná. Èkejì náà gbé táńkì sórí òrùlé, ṣùgbọ́n ogún ọ̀pá dígí tó ní ihò nínú ló lò dípò àpótí. Ẹ̀kẹta gbé àpótí sókè, ó fi táńkì sílẹ̀ nínú ilé, pọ́ńpù kékeré kan ló sì ń fa omi lọ fa omi bọ̀.

Gbérin ní àkọ́kọ́ burẹ́wà. Ó ní òkúta kan ṣoṣo ti tó láti parí ọ̀pá dígí èkejì. Ó bi ọmọlọ́mọ bóyá ó ti gun òrùlé rí láyé rẹ̀, ó bi í ta ló máa tún ẹ̀rọ náà ṣe bó bá dẹnu kọlẹ̀, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn kí ẹni tó bi tó la ẹnu. Nígbà tó wá yá, ó fi ìka kan ìwé kẹta, ó ní bó bá di dandan, èyí tí táńkì rẹ̀ wà nílẹ̀ nìkan ni ojú òun lè gbà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, tó sì jẹ́ pé òun ló fẹ́ ra ẹ̀rọ náà, wò ó bó ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó jí ìdáhùn wò. Ó bi bàbá rẹ̀ pé nínú ilé tí iná ti ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú, iná wo ni pọ́ńpù máa fi ṣiṣẹ́. Gbérin ní kò sẹ́ni tó bi tíṣà ní ìbéèrè. Ọmọbìnrin ẹlẹ́rọ kó ìwé rẹ̀, ó ní òun á padà wá nígbà tí ẹbí bá ti fẹnu kò.

Nítorí ìyá tíṣà ni gbogbo èyí ṣe ṣẹlẹ̀. Làkúrègbé ti wọ oríkèé ọwọ́ rẹ̀, ó sì ti ká àwọn ìka rẹ̀ kò bí ìka ẹni tó di nǹkan mú tí kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Omi tútù àárọ̀ máa ń mú un ké. Bó bá gbé kẹ́tùrù kaná, kò lè gbé e kúrò lórí iná láìwárìrì, bẹ́ẹ̀ ni oṣù tó kọjá ló da omi híhó sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọjọ́ tí tíṣà rí ẹsẹ̀ tó bó yẹn ló búra pé omi gbígbóná gbọ́dọ̀ máa jáde lára ògiri balùwẹ̀ ìyá òun kí ọdún tó parí.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ tí Gbérin kò sọ.

Nígbà tó ń kọ́ ilé yìí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Téèpù kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọn igi, ìpẹtà sì ti jẹ ẹnu téèpù náà já, íǹṣì mẹ́ta àkọ́kọ́ ti bọ́ lọ. Gbogbo kafíńtà ló mọ ohun tí wọ́n ń fi irú téèpù bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń kà á á fi íǹṣì mẹ́ta kún ohun tó bá fẹ́, iṣẹ́ á sì máa lọ. Àbúrò ló ń di ẹnu téèpù mú mọ́ ìdí igi, ẹ̀gbọ́n ló ń ka nọ́ńbà, tó ń fa ìlà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan inú ń bí Gbérin sí ẹnì kan tó yẹ àdéhùn iṣẹ́, ó sì gé igi méjìlá, gbogbo igi òrùlé ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn máa ń pẹ́ sí, láìfi íǹṣì mẹ́ta kún ẹyọ kan. Ìgbà tí wọ́n gbé àkọ́kọ́ sókè tí kò kan góńgó òrùlé ló tó mọ̀.

Àwọn aládùúgbò ń wòran. Bàbá wọn fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀ lórí àpótí ìṣó. Gbérin sọ ayùn mọ́lẹ̀, ó ní àbúrò òun ni kò di téèpù mú dáadáa, ó sì lé e kúrò níbi iṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà, Agékúrú ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin yẹn. Kò rí ẹni gbé igi fún un mọ́. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ páìpù ní òdìkejì ìlú, ó sì di púlọ́ńbà.

Gbérin sọ fún aráyé pé òun ti la igi méjìlá náà fún ìdáná, pé òun ti ra tuntun. Kò ra nǹkan kan. Ẹ̀là pákó ló fi so igi kúkúrú náà mọ́ góńgó, ó kàn wọ́n ní ìṣó, ó sì fi àjà bò wọ́n lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Páànù fúyẹ́, òrùlé sì dúró. Ṣùgbọ́n táńkì tí wọ́n ń sọ yìí, bí omi bá kún un, ó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì mẹ́ẹ̀dógún, ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn máa ń pẹ́ sí ló sì gbọ́dọ̀ wà, yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn ló sì wà lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ náà. Bí Gbérin bá dákẹ́, igi lè wó lu obìnrin náà. Bó bá sọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ ló máa wó. Ìjà ló wá rò pé òun lè fi bọ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tíṣà mú púlọ́ńbà wálé. Nínú gbogbo púlọ́ńbà ìlú, bàbá kékeré ló lọ mú wá. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ omi gbígbóná bíi tirẹ̀, pé bí àwọn àgbà bá fẹ́ máa bínú, kí wọ́n máa bínú nígbà tí ìyá òun bá ti wẹ̀ tán. Ìyá tíṣà ṣe é ní káàbọ̀, ó pè é ní ọkọ mi kékeré, ó gbé àga fún un. Púlọ́ńbà dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Kafíńtà, ẹ kú ilé."

Kò pè é ní ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e. Gbérin náà kùn bí ajá tó ń jẹ eegun. Púlọ́ńbà jáde sí àgbàlá, ó yí ilé po lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ọwọ́ síwájú orí wo oòrùn, ó sì wọlé wá sọ pé àkọ́kọ́ nínú ìwé mẹ́ta náà ni kí wọ́n rà, àpótí pẹlẹbẹ tí táńkì rẹ̀ wà lórí òrùlé. Kò ní pọ́ńpù tó lè bàjẹ́, kò bìkítà bí iná bá lọ, dígí rẹ̀ sì nípọn. Gbérin ní ó wúwo jù.

"Erin ńkọ́?" ni Púlọ́ńbà bi í. "Àbí táńkì yìí wúwo ju erin lọ ni?"

Ìyá tíṣà rẹ́rìn-ín. Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Gbérin sì ń gbọ̀n níbi tó jókòó sí. Púlọ́ńbà ní bí iṣẹ́ ṣe rí ni pé kí òun kọ́kọ́ gun inú àjà lọ fi tọ́ọ̀ṣì wo igi. Gbérin fò dìde. Ó ní inú àjà òun kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ máa ń yà, pé ẹni tó gé igi kúrú nígbà kan kò gbọ́dọ̀ wá yẹ igi òun wò.

Ọ̀rọ̀ yẹn burú, ó sì mọ̀ pé ó burú bó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Púlọ́ńbà ká apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. 

"Kò burú," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni màá gbà."

Gbérin rò pé òun ti borí. Ẹni tó gbọ́n jù ú lọ ì bá ti bẹ̀rù bí ọ̀tá rẹ̀ ṣe tètè gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú ilé ìdáná, ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sí i lójú. Kò pariwo. Gbérin ì bá fẹ́ kó pariwo.

"Bàbá Tíṣà, ẹ wo ọwọ́ yìí dáadáa," ó ní. "Òun ló pọn omi tí wọ́n fi po símẹ́ńtì ilé yìí. Bó bá jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ kí n fi omi gbígbóná wẹ̀ kí n tó kú, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí n mọ̀."

Gbérin ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló wá dé.  Gbérin ní owó ọmọ àwọn lòun ń ṣàánú. Ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ lẹ ń pa, ó sì kúrò níwájú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló rán tíṣà níṣẹ́ pé kó lọ ra àkọ́kọ́, kí wọ́n gbé táńkì sórí òrùlé, pé bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ pé rárá, òun á kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun.

Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, Gbérin ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kejì nítorí ariwo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀. Ó dáhùn pé òun ti gbọ́ ariwo rẹ̀ fún ogójì ọdún, òun kò sì ṣí kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ sì ń yí gbirigbiri lórí ẹní tirẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni Púlọ́ńbà wá pẹ̀lú alágbàṣe méjì, okùn àti àkàbà gígùn. Wọ́n fa àpótí gòkè, wọ́n fa táńkì òfìfo gòkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dè é mọ́ irin. Gbérin dúró sí àárín àgbàlá, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń bú gbogbo ohun tó ń lọ. Ó ní àwọn alágbàṣe ń tẹ páànù òun mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹrẹ̀. Ó ní irin náà wọ́. Ó ní àkàbà ń họ ògiri. Àwọn alágbàṣe ń bá iṣẹ́ wọn lọ. 

Ní ọ̀sán, ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá lọ láti na ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Gbérin rí i tó fa aṣọ fèrèsé. Òkè orí fèrèsé yẹn gan-an ni táńkì náà dùbúlẹ̀ sí, ó ń dán. Púlọ́ńbà kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ tó ń ṣí omi.

"Kafíńtà, táńkì ti jókòó," ó ní látòkè. "Ṣé kí n ṣí omi sí i?"

Gbérin ní kó dúró kí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀ ná. Púlọ́ńbà bi í pé kí ni oòrùn fẹ́ fi omi tútù ṣe. Gbérin ní kí ìyá tíṣà kọ́kọ́ jáde wá wò ó. Tíṣà pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì dáhùn látinú yàrá pé òun ti dùbúlẹ̀, kí wọ́n pe òun nígbà tí omi bá gbóná.

"Mo ní ṣé kí n ṣí i?" ni Púlọ́ńbà tún wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ẹnu yín ni mò ń wò."

Gbérin wo aṣọ fèrèsé. Ó wo ọwọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ. Ọwọ́ náà yí díẹ̀.

"Má ṣí i."

"Nítorí kí ni?"

"Igi méjìlá tó wà lábẹ́ rẹ kúrú. Ẹ̀là pákó ni mo fi so wọ́n." Ó rò pé òun lè dá a dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ya. "Èmi ni mo gé wọn. Kì í ṣe ìwọ. Ìwọ di téèpù mú bó ṣe yẹ. Èmi ni mi ò fi íǹṣì mẹ́ta kún un."

 Àwọn alágbàṣe wo ara wọn, wọ́n sì rọra kúrò lórí páànù sí orí àkàbà. Obìnrin ilé kejì tó ń sá aṣọ fi ọ̀kan mọ́wọ́, kò sá a mọ́. Púlọ́ńbà kò ta gìrì. Ó jókòó lórí góńgó òrùlé, ó fi àkísà nu ọwọ́.

"Mo mọ̀," ó ní. "Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Mo rán yín létí íǹṣì mẹ́ta yẹn láàárọ̀ náà, ẹ ní ọmọ iṣẹ́ kì í kọ́ ọ̀gá. Lọ́sẹ̀ yẹn mo lọ bá ẹni tó ń ta pákó, mo bi í bóyá ẹ padà wá ra igi. Ó ní ẹ kò ra ẹyọ kan. Mo mọ ohun tó wà lókè yìí ṣáájú kí n tó gbé àkàbà wá."

Ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí páìpù ti gòkè wá. Ìdérí ṣì wà lẹ́nu páìpù náà. Kò so ó mọ́ nǹkan kan.

"Bí mo bá ṣí ẹ̀rọ yìí títí di ọ̀la, ẹ̀kán omi kan ò ní jáde. Ṣé ẹ rò pé màá da omi lé ìyàwó wa lórí ni? Ẹnu yín ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ, kí ọmọ yín gbọ́, kí àwọn ará ilé kejì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ o. Ẹ pẹ́ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba èmi gan-an."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Ti Gbérin tiẹ̀ fi mọ́kànlá lé ogún. Ojú tì í, ojú náà sì tì í débi pé kò mọ ibi tó lè gbé ọwọ́ rẹ̀ sí.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Fèrèsé ilé náà kì í dá ohùn dúró. Kò bi í léèrè nípa igi, kò sì bi í léèrè nípa iye ọdún tí òun fi sùn lábẹ́ rẹ̀.

"Gbogbo ọdún yìí, ẹ̀ ń wò mí tí èmi náà ń pè é ní Agékúrú," ó ní. "Lójú rẹ̀. Nígbà tó bá wá kí wa lọ́dún."

Ó wọlé, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀, ó kó lọ sí yàrá kejì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Tíṣà ń wo ilẹ̀. Òun ló ti máa ń sọ ìtàn erin fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Wọ́n sọ táńkì kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Púlọ́ńbà ní kò sí ohun tó ṣe àpótí pẹlẹbẹ náà, pé bí wọ́n bá ṣe ìdúró onígi sí àgbàlá níbi tí oòrùn ń pa, kó ga ju fèrèsé balùwẹ̀ lọ, omi á ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bó ṣe máa ṣiṣẹ́ lórí òrùlé. Ó ní kí Kafíńtà kàn án. Ó ní òun kò sì ní so páìpù kankan mọ́ ọn àfi bí òun bá fọwọ́ ara òun wọ̀n ọ́n.

Gbérin fi ọjọ́ mẹ́jọ kan ìdúró náà. Igi líle ló rà, tuntun, gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni nínú ilé tó kí i kú iṣẹ́. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà ń kí i, ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní Gbérin mọ́, òun náà kò sì retí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń kọjá lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Púlọ́ńbà dé. Kò jókòó, kò gba omi mu. Ó ki ọwọ́ bọ àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mú téèpù kan jáde. Ìpẹtà ti bo ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti já. Gbérin mọ̀ ọ́n kí ó tó là á. Ó ti rò láti ìgbà yẹn pé ó sọnù ni, kò mọ̀ pé ẹni tí òun lé ló mú un dání lọ.

"Ẹ di ẹnu rẹ̀ mú," ni Púlọ́ńbà wí.

Gbérin wo ilé. Tíṣà ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ sì dúró tì í. Ó rọra kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gba ìlóṣòó mọ́, ó sì di ẹnu téèpù tó já náà mú mọ́ ìdí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ìdúró náà, níbi tí ọmọ iṣẹ́ máa ń wà. Àbúrò rẹ̀ fa téèpù dé òkè. Ó ka nọ́ńbà tó rí síta, ó sì dúró.

"Kí la máa yọ kúrò nínú rẹ̀?" ó bi í.

"Íǹṣì mẹ́ta."

"Ìyàwó wa ò gbọ́."

"Íǹṣì mẹ́ta," ni Gbérin wí, ó gbé ohùn sókè. "Ẹnu rẹ̀ ti já. Ẹ yọ íǹṣì mẹ́ta."

Púlọ́ńbà yọ ọ́. Ó pé. Ó bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì, ó ní kó di ẹnu rẹ̀ mú, ó bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó bi í ní ẹsẹ̀ kẹta. Ó bi í ní ẹsẹ̀ kẹrin, Gbérin sì dáhùn ní gbogbo ìgbà lórí ìkúnlẹ̀, sókè, bí wọ́n ṣe ní kó dáhùn. Ìgbà yẹn ni Púlọ́ńbà tó ká téèpù náà padà sínú àpò, tó mú sípánà, tó lọ so páìpù.